Orí Tó Ń Fọ́, Ojú Tó Ń Ta, Nẹ́tíwọ̀kì Tó Ń Fà

Dókítà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Ikun-Àkókó ni mo fi ṣe ibùgbé. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ọmọ mi fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí London ni mò ń lò, ó ti lé ní ọdún 10. Íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé wa kì í yá lọ́sàn-án. Mo máa ń dúró di aago 12 òru, nígbà tí dátà òru bá bẹ̀rẹ̀, kí n tó rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ mi, kí n sì ka ìwé ìròyìn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mo ń tàn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti bí oṣù méjì, ojú ń ta mí, ọrùn ń ro mí, orí sì máa ń fọ́ èmi àti ìyá àwọn ọmọ tí ilẹ̀ bá mọ́. Tí a bá ti dé oko, á dẹ̀. Àwọn kan ní ìtànṣán Wi-Fi ni. Kí ni mo lè ṣe kí ẹ̀rọ yìí yá, kí ara èmi náà sì yá?

Bàbá wa, ẹ kú ìnira. Màá dáhùn ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tí kò jẹ́ kí n fara balẹ̀: orí ń fọ́ màmá náà. Màmá kì í jókòó ti kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti sùn nígbà tí ẹ̀yin ń tan iná. Kí ló wá ń fọ́ wọn lórí?

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni mo fura sí. Kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì wà nínú rẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹni tó ń fà á símú kò ní mọ̀. Tó bá dé inú ẹ̀jẹ̀, á gba ìjókòó ọ́síjìn mọ́ ọn lọ́wọ́. Orí fífọ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, òòyì àti èébì á tẹ̀ lé e, ẹni tó bá sì sùn sínú rẹ̀ lè má jí. Orí tó ń fọ́ àwọn ará ilé pa pọ̀, tó sì ń dẹ̀ bí wọ́n bá jáde, àmì rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ìta, ẹ jọ̀wọ́. Fèrèsé tí ẹ bá ṣí sílẹ̀ kò tó láti lé èéfín yẹn jáde, ibẹ̀ gan-an ló ń gbà wọlé. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ náà kúrò, kó jìnnà sí gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ó kéré tán mítà 6, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Kí ẹnikẹ́ni má sùn nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ̀yin méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkàrẹ́, ẹ sọ ọ̀rọ̀ èéfín fún dókítà, kí ó sì wọn ìfúnpá yín, torí ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò gbọdọ̀ sá pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ti Wi-Fi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìgbì rédíò ni, agbára rẹ̀ kéré, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò sì rí ẹ̀rí tó múná dóko pé ó ń ṣe ará ilé ní jàǹbá.

Ó wá kan ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe ń yẹ aláìsàn wò, kí a mọ ibi tí àìsàn wà ká tó fún un lóògùn. Ẹ so fóònù yín mọ́ Wi-Fi kan náà, ẹ jókòó ti ráútà, ẹ ṣí ìwé ìròyìn kan náà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Bó bá yá lórí fóònù tó ń fà lórí kọ̀ǹpútà, ara nẹ́tíwọ̀kì le, kọ̀ǹpútà ni kò gbádùn.

Bí méjèèjì bá ń fà, ẹ wo ibi tí ráútà wà. Òkè àti àpáta ló yí wa ká ní Àkókó, ìgbì nẹ́tíwọ̀kì kì í sì í la àpáta kọjá. Ẹ wá ìhà tí òpó nẹ́tíwọ̀kì wà sí ilé yín, kí ẹ gbé ráútà sí fèrèsé ìhà ibẹ̀, sí ibi gíga. Ẹ̀yìn fíríìjì ni tèmi wà fún ọdún kan gbáko. Ọjọ́ tí mo gbé e sójú fèrèsé ni wàhálà náà rọlẹ̀. Irin kì í jẹ́ kí ìgbì kọjá. Bí ihò wáyà bá wà lára ráútà, ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, torí Wi-Fi inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ máa ń lọ́ra. Nígbà mìíràn, ẹ̀bi kò sí nínú ilé rárá: lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, nẹ́tíwọ̀kì sì dà rú káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ pa á, ẹ lọ sinmi.

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni, RAM rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wò ó bíi tábìlì tí ẹ fi ń máàkì ìwé ọmọ ilé-ìwé. Tí ìwé bá kún orí rẹ̀, ẹ ó máa gbé òmíràn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ ó tún máa bẹ̀rẹ̀ mú un. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe ń gbé nǹkan lọ sórí díìsìkì tó sì ń gbé e bọ̀, tí a wá ń bú nẹ́tíwọ̀kì. Ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta ni kí ẹ ṣí lẹ́ẹ̀kan. Kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n lò bá yín dá àwọn ètò tó ń dìde fúnra wọn dúró, kó sì tan ohun tí Windows ń pè ní metered connection, kí Windows má baà máa fi dátà yín gba àwọn nǹkan ńláńlá wọlé láìsọ fún yín. Bí owó bá wà, kí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkàrẹ́ fi RAM kún un, kí wọ́n sì fi SSD, ìyẹn díìsìkì tí kì í yí, rọ́pò díìsìkì tó ń yí. Èyí ló ń sọ ẹ̀rọ àgbà di ọ̀dọ́ jù lọ.

Bó bá ti ń yá lọ́sàn-án, kí lẹ tún ń dúró de òru fún? Aago London kò ju wákàtí kan lọ sí tiwa, nígbà mìíràn ọgbọọgba ni. Ẹ bẹ àwọn ọmọ kí wọ́n máa pè yín nírọ̀lẹ́, kí ẹ lè sun wákàtí 7.

Ojú tó ń ta yín, gbígbẹ ló gbẹ. Ènìyàn máa ń ṣẹ́jú bí ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n níwájú kọ̀ǹpútà, kì í tó ìdajì rẹ̀. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, ẹ gbójú sókè, ẹ wo òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, kí ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́jú. Ti ọrùn, ẹ to ìwé àtijọ́ yín mẹ́rin tàbí márùn-ún sábẹ́ kọ̀ǹpútà títí orí rẹ̀ yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ojú yín, kí ẹ wá ra pátákó ìtẹ̀wé (keyboard) kékeré tí ẹ lè gbé síwájú. Ọrùn tó tẹ̀ síwájú ló ń ru ẹrù orí, kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Dókítà, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àkùngbá. Ojú mi ń pọ́n nítorí kọ̀ǹpútà. Oògùn ojú tí wọ́n tà fún mi ní kẹ́mísì ń jẹ́ kó dẹ̀, àmọ́ ó tún ń padà. Oṣù mẹ́ta nìyí tí mo ti ń kán an.

Ọmọ mi, wo ara ìgò náà. Bí o bá rí dexamethasone tàbí betamethasone níbẹ̀, sítẹ́rọ́ọ̀dù ni. Ó ń jẹ́ kí pípọ́n ojú lọ kíákíá, ìdí nìyẹn tí o fi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lójú láìsí dókítà, ó lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga, kó sì fa gulukóómà. Má rà á mọ́. Mú ìgò náà dání lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Federal Medical Centre, Ọ̀wọ̀, kí wọ́n wọn ìfúnpá ojú rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Ìríran tí gulukóómà bá ti gbà lọ kì í padà.