Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: BÁWO NI ỌKÀN RẸ ṢE Ń LÙ?

Ibi kíkà: Òwe 4:20–23

Ẹ̀yin ìyá wa ní Agric, ọ̀pọ̀ nínú wa ti ṣe ECG rí, a sì gba bébà náà láìmọ ohun tí ó ń sọ. Dókítà Willem Einthoven, ará Holland, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1924 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ yìí.

1. Ìyára: Ẹ ka ilé ńlá tí ó wà láàrin ṣóńṣó gíga méjì, kí ẹ fi iye wọn pín 300. Bí ó bá jẹ́ ilé 4, ọkàn ń lù ní ìgbà 75 ní ìṣẹ́jú kan. 60 sí 100 ni ó yẹ àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́.

2. Ìdọ́gba: Òkè kékeré kan a máa ṣáájú ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan, àlàfo wọn a sì dọ́gba. Bí òkè náà kò bá sí, tí àlàfo sì ń yí padà ṣáá, ó lè jẹ́ atrial fibrillation. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tí ń fà á. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ọkàn, kí ó lọ dí iṣan ọpọlọ. Rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n oògùn wà tí ń dènà rẹ̀.

3. Nílé: Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́, lápá àtàǹpàkò, kí ẹ kà fún ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá dọ́gba, ẹ lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ìkòròdú. Bí àyà bá ń dunni tàbí tí èèyàn dákú, ẹ sáré lọ lójú ẹsẹ̀. Dókítà ni ó ń túmọ̀ bébà. Tiwa ni kí a má ṣe pa á mọ́ra.

Ìbéèrè: Èé ṣe tí àwa ìyá fi ń tọ́jú gbogbo ilé, tí a ń gbàgbé ara wa?