ÀWỌN Ọ̀DỌ́ KIBERA ÀTI MÁÀPÙ ÌLÚ WỌN

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ṣí ọ̀pọ̀ máàpù Nairobi, olú-ìlú Kẹ́ńyà, tí a yà ṣáájú ọdún 2009, ẹ ó rí ojú pópó àti ọgbà. Ṣùgbọ́n níbi tí Kibera wà, òfìfo ni ẹ ó bá. Bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ kún fún ènìyàn: ará Nubia, Luo, Luhya, Kikuyu àti Kamba, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Àwọn kan a máa wí pé wọ́n tó àádọ́ta ọ̀kẹ́. Ìkànìyàn ọdún 2009 wí pé 170,070 ni wọ́n. Àwọn oníwàádìí a máa wá, wọn a béèrè, wọn a kọ, wọn a sì lọ.

Lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kejìlá ọdún 2007, aládùúgbò dìde sí aládùúgbò níbẹ̀ nítorí ẹ̀yà. Kò tíì pé ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, tí Erica Hagen àti Mikel Maron, ará Amẹ́ríkà, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti inú àwọn abúlé Kibera, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ GPS lé wọn lọ́wọ́. Bí ọ̀dọ́ ti ń rìn, ẹ̀rọ ń pa ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá dé ibi ẹ̀rọ omi, ilé ìyàgbẹ́, ilé-ìwòsàn tàbí ilé-ìwé, a dúró, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn a jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọn a fi í sínú OpenStreetMap, máàpù tí gbogbo ayé lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ náà kò ṣòro í kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró tí omi òjò ń dí, ta ni ó mọ̀ ọ́n bí kò ṣe ọmọ tí ń gba ibẹ̀ lọ sílé-ìwé? (Mélòó nínú àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ni a ti bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí?)

Ní ọdún 2010, wọ́n dá Kibera News Network sílẹ̀, wọ́n sì ń fi fídíò ròyìn ìlú wọn fúnra wọn.

A kò ní fi àbùkù iṣẹ́ náà pamọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni máàpù wà, ọ̀pọ̀ ará Kibera kò sì ní ọ̀nà àtidé ibẹ̀. Àǹfààní wo ni ó wá ṣe fún ìyá tí ń wá omi? Nítorí náà ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, tí wọ́n sì kùn ún sára ògiri, níbi tí ẹni tí ń kọjá lọ sọ́jà lè dúró, kí ó fi ìka tọ ọ̀nà, kí ó sì wí pé, "Ẹ ṣì í kọ níhìn-ín."