Ìlù Ọkàn àti Ìfọ̀kànbalẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà ara ènìyàn ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀dọ̀ kì í pariwo, kíndìnrín kì í kígbe. Ṣùgbọ́n ọkàn yàtọ̀ sí wọn: ìlù ni ó ń lù tọ̀sán-tòru láti inú oyún títí di ọjọ́ ikú. Nígbà tí ìlù náà bá ń lọ déédéé, kò sí ẹni tí ó ń kọbi ara sí i. Ọjọ́ tí ó bá ṣàdédé yí padà, tí àyà sọ gbì lẹ́ẹ̀kan, tí ó dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ńlá ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọn a rò pé ikú ni ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Nǹkan méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn: èkíní ni ìlù tí ó ṣe ségesège, èyí tí kì í sábà pa ènìyàn lára, èkejì ni ìbẹ̀rù rẹ̀, èyí tí ó lè ba ayé ènìyàn jẹ́ bí a kò bá mọ ọ̀nà tí a lè gbà ṣẹ́gun rẹ̀.

Ní àgbègbè Ìkẹjà àti Agége ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, oko ni ilẹ̀ ibẹ̀. Agége lókìkí fún kòkó àti obì gbànja, J. K. Coker sì wà lára àwọn àgbẹ̀ ńlá ibẹ̀. Ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Agége kọjá, ọkọ̀ ojú irin sì di ohun tí ń kó obì lọ sí Òkè-Ọya. Nígbà tí ó di àárín ọ̀rúndún náà, tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ aṣọ, ti ọtí, ti oúnjẹ, ti oògùn àti ti ike ti ń dìde lẹ́bàá Ọ̀nà Ọba Akran, ní Agídìngbí àti ní Ògbà. Àwọn kan ti kógbá sílé, àwọn mìíràn sì ń bá iṣẹ́ lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí àwọn kan ń padà sílé, àwọn mìíràn ni ó ń wọlé iṣẹ́ òru. Òṣìṣẹ́ òru a jẹ obì, a mu kọfí, kí oorun má ba à gbé e nídìí ẹ̀rọ. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ó bá dùbúlẹ̀, tí gbogbo ilé pa lọ́lọ́, ni yóò gbọ́ ìlù àyà rẹ̀ tí ó ṣìnà.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Ọkàn tóbi tó ìkúùkù ẹni tí ó ni ín. Àárín àyà ni ó wà, ó kàn fì sí apá òsì díẹ̀. Yàrá mẹ́rin ni ó ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ a máa lù ní ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá kà á fún odindi ọjọ́ kan, yóò tó nǹkan bí ìgbà 100,000. Ní 1907, Arthur Keith àti Martin Flack ṣàlàyé fún ayé pé ẹran kékeré kan wà nínú yàrá òkè lápá ọ̀tún, àti pé láti ibẹ̀ ni àṣẹ fún ìlù kọ̀ọ̀kan ti ń jáde. Agbára mànàmáná tí ó kéré jọjọ ni àṣẹ náà. Willem Einthoven, ọmọ ilẹ̀ Hólándì, ni ó ṣe ẹ̀rọ tí ó lè ya ìrìn agbára yìí sórí ìwé dáadáa, a sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1924 nítorí iṣẹ́ náà.

Nígbà mìíràn, ibòmíràn nínú ọkàn a máa já àṣẹ gbà mọ́ olórí lọ́wọ́, a sì pa àṣẹ tirẹ̀ kí àkókò tó tó. Ẹni tí ó mọ ìlù yóò rí i bí onílù tí ó kánjú lu awọ, tí ó wá dúró díẹ̀ kí ó lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn, tí ó sì fi agbára lu èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ìlù tí ó kánjú náà kò lágbára, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò tí ì kún inú ọkàn. Ẹni tí ó ni ọkàn náà lè má tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn náà ni ọkàn yóò dúró díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ yóò wọlé, ìlù tí ó kàn yóò sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òun ni ènìyàn ń gbọ́ bí gbì. Nítorí náà, ní àkókò tí ẹlẹ́rù rò pé ọkàn òun ti kú, ọkàn kò kú rárá. Ó ń dúró kí ẹ̀jẹ̀ kún ni. Bí a bá so ẹ̀rọ mọ́ àwọn tí ara wọn le koko fún ọjọ́ kan gbáko, a óò rí irú ìlù yìí lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fura.

Àìsùn tó, ìdààmú, ibà, sìgá, ọtí líle àti kaféènì tí ó wà nínú obì, kọfí àti tíì lè mú kí irú ìlù bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i lára àwọn kan. Àìtó ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú lè fà á.

Ìlú òṣìṣẹ́ bí Ìkẹjà ni a ti rí púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí. Ní 1879, James Mackenzie, dókítà ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Burnley, ìlú ahunṣọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ìlù ọkàn rẹ̀ kò bá lọ déédéé lè gbọ́ lẹ́nu dókítà pé kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó sì máa sinmi ní ibùsùn. Mackenzie kò kánjú dájọ́. Ó ṣe ẹ̀rọ tí ń ya ìlù iṣan sórí ìwé, ó sì ń ṣọ́ àwọn ènìyàn kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ìlù wọn máa ń ṣìnà bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń dàgbà láìsí aburú kan. Ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1902. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ àwọn oníṣègùn ni pé kí wọn wò bóyá ọkàn lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí wọn má ṣe fi dídún rẹ̀ nìkan dá ènìyàn lẹ́jọ́.

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù kì í gbọ́ àlàyé kíákíá. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ ike gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Àyà rẹ̀ sọ gbì ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀rù sì bà á. Nígbà tí ẹ̀rù ba ènìyàn, ẹṣẹ́ tí ó wà lókè kíndìnrín a tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, èròjà náà a sì mú kí ọkàn yára, kí ó sì le. Báyìí ni ìlù tí ó ṣìnà bí ìbẹ̀rù, tí ìbẹ̀rù sì tún bí ìlù mìíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Kò lè dá sùn. Ó ń rò ó láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó ń san owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀. Ní òròòru ni ó ń wí fún àgbà òṣìṣẹ́ kan pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ wò, ṣé ó ń lù?” Ẹ̀gbọ́n a dáhùn pé ó ń lù dáadáa, ara rẹ̀ a sì balẹ̀, ṣùgbọ́n kí wákàtí kan tó kọjá, ìbẹ̀rù a ti padà. Níkẹyìn ni ẹ̀gbọ́n wí fún un pé, “Àbúrò mi, ọwọ́ mi kì í ṣe oògùn. Lọ sí ilé-ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan, kí o sì gba ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ gbọ́.”

Ìmọ̀ràn ọgbọ́n ni èyí. Ìfura loògùn àgbà, nítorí kì í ṣe gbogbo ìlù tí ó ṣìnà ni kò léwu. Bí ó bá mú kí ènìyàn dákú, tàbí bí àyà bá ń dùn ún, tàbí bí èémí kò bá tó o, kí ó lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó ń ṣe nígbà tí ó ń sáré tàbí tí ó ń ṣe iṣẹ́ agbára, ẹni tí ó ti ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀, àti ẹni tí ìbátan rẹ̀ kú lójijì ní ìgbà èwe, kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Ilé-ìwòsàn tí ó wà ní Ìkẹjà, èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1955, ti di ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Ìpínlẹ̀ Èkó láti 2001. Ní irú ilé-ìwòsàn bẹ́ẹ̀, a óò ya ìlù ọkàn sórí ìwé, a óò wọn ìfúnpá, a óò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ ra oògùn fúnra rẹ̀ láti fi pa ìlù náà lẹ́nu mọ́. Ní Amẹ́ríkà, a fún àwọn kan tí àrùn ọkàn ti kọ lù rí ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ìlù tí ń ṣìnà dínkù lára wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní 1989 a rí i pé àwọn tí ó lo méjì nínú àwọn oògùn náà ń kú ju àwọn tí kò lò wọ́n lọ, a sì dá a dúró. Oògùn tí ó pa ariwo lẹ́nu mọ́ lè má gba ẹ̀mí là.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ọkàn yè kooro, ìbẹ̀rù ni ó kù láti tọ́jú, ó sì ní ọ̀nà. Èkíní, kí ènìyàn dẹ́kun fífi ìka kan iṣan ní gbogbo ìgbà, nítorí ẹni tí ń ṣọ́ ìlù ni yóò máa gbọ́ ìlù. Èkejì, nígbà tí àyà bá sọ gbì, kí ó wí fún ara rẹ̀ pé, “Ìlù tí ó kánjú ni,” kí ó mí sínú jẹ́jẹ́, kí ó mí jáde pẹ́ ju bí ó ti mí sínú lọ, kí ó sì máa bá ohun tí ó ń ṣe lọ. Kò ní láti lé ìlù náà lọ; kí ó jẹ́ kí ó kọjá ni. Ẹ̀kẹta, kí ó dín obì àti kọfí kù díẹ̀díẹ̀, kí òṣìṣẹ́ òru sì fi aṣọ dí fèrèsé kí ó lè rí oorun sùn lọ́sàn-án. Ẹ̀kẹrin, kí ó padà sídìí ohun tí ìbẹ̀rù ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gungi: lónìí kí ó rìn dé ìkóríta, lọ́la kí ó rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí yóò fi padà sí pápá bọ́ọ̀lù.

Bí ìbẹ̀rù bá kọ̀ tí kò lọ, kò sí ìtìjú nínú lílọ bá dókítà tí ń tọ́jú ìdààmú ọkàn, ìbáà jẹ́ ní Yábàá tàbí ní Àró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, níbi tí Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954. Lílọ síbẹ̀ kò sọ ènìyàn di wèrè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ níhìn-ín. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Àró, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí wọn ń gbóná, tí wọn kò sì lè rántí ohun tí wọ́n ń kà. Ohun tí ó wà nínú èrò lè di ìrora nínú ara.

Àwọn baba wa kò ṣe àṣìṣe nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọkàn, pe ohun tí ń lu ìlù nínú àyà àti ohun tí ń rò, tí ń bẹ̀rù, tí sì ń ní ìrètí. Bí èyí bá dàrú, ìyẹn yóò gbọ́; bí ìyẹn bá sì balẹ̀, èyí yóò rí ìsinmi. Kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún ìlù ọkàn kí ó má ṣìnà láéláé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti yẹ ara rẹ̀ wò, tí ó sì mọ òtítọ́, lè jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ máa lu ìlù rẹ̀, kí òun náà sì máa ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó fà á tí ìlù tí ó tẹ̀ lé ìlù tí ó kánjú fi ń le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ?
2. Ṣe àlàyé bí ìlù tí ó ṣìnà ṣe ń bí ìbẹ̀rù, tí ìbẹ̀rù sì tún ń bí ìlù mìíràn.
3. Ẹ̀kọ́ wo ni James Mackenzie kọ́ àwọn oníṣègùn?
4. Dárúkọ àmì mẹ́ta tí ó yẹ kí ó mú ènìyàn sáré lọ sí ilé-ìwòsàn.
5. Kọ àròkọ kúkúrú lórí òwe yìí: “Ìfura loògùn àgbà.”