Ẹ̀kọ́ Kẹtàlá: Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè

Ǹjẹ́ o ti gun òkè rí? Jẹ́ kí a sọ pé Pedro ni ilé yín wà, ní agbègbè Ṣómólú àti Bàrígà ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bóyá àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta ni ibi tó ga jù tí ẹsẹ̀ rẹ ti tẹ̀ rí. Bí òjò bá rọ̀ ní àdúgbò yín, omi kì í tètè lọ. Ó lè dúró sí ẹnu ọ̀nà bí àlejò tí kò fẹ́ padà sílé.

Ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, bàbá rẹ rán ìwọ àti àbúrò rẹ obìnrin lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Oṣù kẹjọ ọdún ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù yìí kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni Bàbá Àkúrẹ́ ṣe sọ pé, "Lọ́la, a ó gun òkè Ìdànrè." Ó ti ṣe ètò sílẹ̀: ẹ ó kúrò nílé ní agogo mẹ́fà àárọ̀, ẹ ó jẹ mọ́ínmọ́ín lórí òkè, ẹ ó sì sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Ìlú Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn tẹ̀dó sí láyé àtijọ́. Ọ̀tá kò lè ká wọn mọ́ ibẹ̀ wẹ́rẹ́, nítorí pé wọn yóò ti rí ẹni tó bá ń gun àpáta bọ̀ láti òkèèrè. Lẹ́yìn ọdún 1920 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wá sí ìsàlẹ̀. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba wọn, ṣì wà lókè níbẹ̀. Ní ọdún 2007, wọ́n fi òkè náà sí ara àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ààfin ni ìwọ ń sáré lọ wò. Ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn ni. Ojú ẹsẹ̀ kan ni lára àpáta. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ọmọdé bá a mu, ẹsẹ̀ àgbà náà sì bá a mu. Láti Pedro ni o ti ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ.

Àtẹ̀gùn òkè náà lé ní 600. O ń kà á bí o ti ń gùn ún. Nígbà tí o ka 100, o ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí o ka 200, o dákẹ́. Orúnkún rẹ ń gbọ̀n, àyà rẹ ń lù kì-kì-kì. Nígbà tí o ka 300, ẹ dúró ní ọ̀kan nínú àwọn ibi ìsinmi tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn.

Ibẹ̀ ni atẹ́gùn tútù ti fẹ́ lójijì. Kùrukùru bo orí àpáta. Bàbá àgbàlagbà tó ń mú yín gun òkè gbójú sókè, ó ní, "A kò ní kọjá ibí yìí."

Ọmọ Bàbá Àkúrẹ́ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ sà, ó ku díẹ̀!" Ìwọ kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ lo wà lẹ́yìn. Bàbá Àkúrẹ́ wo aago rẹ̀. Òun ló ṣe ètò yìí, kò sì fẹ́ kí ó bàjẹ́. Kí ó tó sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ti sáré gun àtẹ̀gùn mélòó kan. Òjò dé. Ẹsẹ̀ ọmọ náà yọ̀, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Irin tó dì mú ni kò jẹ́ kí ó yí lulẹ̀.

Kí ló fà á? Akọ òkúta kì í mu omi bí iyanrìn. Omi tó bá bọ́ sí i, sísàn ni yóò máa sàn, yóò sì máa yára sí i bó ti ń lọ sísàlẹ̀. Èèhọ̀n tó gbẹ láàárọ̀ yóò di yíyọ̀ bí ilá. Omi Pedro máa ń dúró. Omi Ìdànrè kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àrá sán. Bàbá àgbàlagbà náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá lọ sábẹ́ igi, nítorí mànàmáná. Ẹ fún mọ́ra níbi ìsinmi náà títí òjò fi dá. O béèrè pé, "Bàbá, ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn ńkọ́?"

"Ọmọ mi, àpáta kò lọ síbì kankan. Ẹ jẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀."

Àgbà kan ṣáájú, àgbà kan tẹ̀lé yín lẹ́yìn. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ kan lára irin, ẹ kò sì gbé ẹsẹ̀ kejì kí èkíní tó dúró dáadáa. Àbúrò rẹ ń gbọ̀n, ẹkún sì ti dé ojú rẹ̀. O ní kí ó bá ọ kà á padà. Láti ọ̀ọ́dúnrún ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní igba, ó dẹ́kun ẹkún. Ní ọgọ́rùn-ún, òun ló ń kà á fún ọ. Sísọ̀ kalẹ̀ yẹn pẹ́ ju gígùn lọ.

Nígbà tí ẹ dé ìsàlẹ̀, o wo ẹ̀yìn. Omi funfun ń ṣàn lára àpáta láti òkè dé ilẹ̀. Inú ọkọ̀ ni ẹ ti jẹ mọ́ínmọ́ín.

Lọ́jọ́ tí ẹ padà sí Pedro, ìyá yín béèrè pé, "Ṣé ẹ dé orí òkè?" O ń wá ohun tí o máa sọ. Àbúrò rẹ ti dáhùn: "Ẹ̀ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ̀, Mọ́mì, ọ̀ọ́dúnrún la dé!"

Ìdánrawò
1. Kí ni ó jẹ́ kí orí òkè dára fún àwọn ará Ìdànrè àtijọ́ láti gbé?
2. Ta ni kò fẹ́ kí ètò bàjẹ́? Kí ni ìdí rẹ̀?
3. Da omi sórí àwo tí o dojú rẹ̀ délẹ̀, kí o sì da òmíràn sórí iyanrìn. Sọ ohun tí o rí.
4. Ka nọ́ńbà ní èdè Yorùbá láti ọgọ́rùn-ún padà sí àádọ́rùn-ún.