Àkànní, Béèrè Lọ́wọ́ Ẹ̀rọ Ná

Àkànní, gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà yẹn kí o wá jókòó tì mí. Ìyá ẹ ní o ò fojú kan oorun mọ́jú. O wá ń kó libgcc.a inú kọ̀ǹpútà tìẹ lọ sínú fódà iṣẹ́ Raspberry Pi? Àbí ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀, ọkọ mi? x86_64 ni tìẹ, ARM ni ti Pi. Linker sọ fún ẹ, "skipping incompatible", ìyẹn ni pé ó rí fáìlì ọ̀hún, ó sì fò ó kọjá. O ò kà á!

Bí wọ́n bá pe Àkànní lásán lọ́jà, èèyàn mélòó ni yóò dáhùn? Àfi kí wọ́n fi orúkọ bàbá ẹ àti agboolé wa tì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ tí compiler ń lò: arm-linux-gnueabihf. Orúkọ yẹn ló fi ń mọ irú kóòdù tí yóò kọ àti fódà tí yóò yà sí. Má fojú di hf ìparí yẹn o. Ó túmọ̀ sí pé nọ́ńbà tó ní pọ́ńtì, bíi 2.5, ní rẹ́jísítà tirẹ̀ tó ń gbà dé ọ̀dọ̀ fọ́ńṣọ̀n. Ní ti èyí tí kò ní hf, rẹ́jísítà lásán ni nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ń gbà. Ìdí nìyẹn tí library mìíràn tí o wá rí lóru, èyí tí kò ní hf, kò fi bá ti Pi ẹ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ARM ni àwọn méjèèjì.

Ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà. Lórí Pi, tẹ gcc -dumpmachine, yóò dárúkọ ara rẹ̀ fún ẹ. Lórí kọ̀ǹpútà tìẹ, tẹ arm-linux-gnueabihf-gcc -print-file-name=crt1.o. Fáìlì yẹn ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó dé main. Bí ó bá rí i, yóò ka ọ̀nà ibẹ̀ délẹ̀. Bí kò bá rí i, crt1.o nìkan ni yóò dá padà fún ẹ, láìsí fódà kankan níwájú ẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, libc6-dev-armhf-cross ni kí o fi sórí Debian ẹ, má kó nǹkan kan kiri mọ́.

Clang tí o fẹ́ràn yẹn ńkọ́? Ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣoṣo lè ṣiṣẹ́ fún onírúurú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n fún un ní --target, kí o sì fi --sysroot júwe ilé fún un. Lórí Linux, libgcc náà ló ṣì ń wá, àfi tí o bá ní --rtlib=compiler-rt.

Ó yá, tan Pi yẹn kí n rí ohun tó máa pe ara rẹ̀. Ẹ̀bà ẹ wà lórí tábìlì, kó má tutù.