Irinṣẹ́ wo ló yẹ kó wà nínú àpótí pàjáwìrì kọ̀ǹpútà?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ lójijì nígbà tí mò ń lo kọ̀ǹpútà Linux mi, bẹ́ẹ̀ bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́. Nígbà tí iná dé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ sójú: initramfs. Àyà mi já. Mo tẹ fsck, mo fi orúkọ díìsìkì tẹ̀ lé e, ó tún ibi tó dàrú ṣe, kọ̀ǹpútà sì jí.

Ta ló gbé fsck síbẹ̀? Ètò Linux tó wà lórí díìsìkì gangan ò tíì ṣí nígbà yẹn o. Ètò kékeré kan ni mo wà nínú rẹ̀, ẹnì kan ló sì jókòó yan ohun tó máa wà níbẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ni pé: ṣé irinṣẹ́ yìí á ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn yòókù bá ti kú? Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, fáìlì kan tó ń jẹ́ libc ni ls, cp àtàwọn ẹgbẹ́ wọn jọ gbára lé. Tó bá bàjẹ́, cp tá a fẹ́ fi dá a padà gan-an ò ní ṣí. Ó dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn, tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé! Ìdí nìyẹn tí FreeBSD fi ní /rescue: àwọn irinṣẹ́ ibẹ̀ ti gbé gbogbo ohun tí wọ́n nílò sínú ara wọn. Kí wọ́n má bàa gba àyè, fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Orúkọ tẹ́ ẹ bá fi pè é ni iṣẹ́ tó máa ṣe. Irú ọgbọ́n yìí náà ni Bruce Perens dá ní 1995 tó bẹ̀rẹ̀ BusyBox, kí Debian lè wọnú flòpì kan.

Kò sẹ́ni tó ń jiyàn lórí sh, mount, fsck àti cp. Ní ti tar àti gzip, ẹ wo ibi tẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí: tó bá jẹ́ tar.gz ni, tí ò sí tar, ẹ̀dà ọ̀hún ò wúlò. Tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà míì, ẹ máa nílò ifconfig.

Orí ohun tá a fi ń tún ọ̀rọ̀ inú fáìlì kọ ni ìjà wà. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ vi, àmọ́ vi gbọ́dọ̀ mọ irú ojú kọ̀ǹpútà tó ń kọ̀wé sí, fáìlì tó máa sọ fún un sì lè wà nínú /usr tí ò tíì ṣí. Èdìdè lásán ni ed lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í béèrè nǹkan kan. Tí àyè ẹyọ kan bá kù, ed ni màá mú.

Tẹ́ ẹ bá ń lo Ubuntu, ẹ ṣí terminal kẹ́ ẹ tẹ busybox. Tó bá wà níbẹ̀, á to orúkọ àwọn irinṣẹ́ tó gbé dání fún yín. Ẹ wò ó bóyá èyí tẹ́ ẹ máa nílò wà níbẹ̀, kí iná tó lọ.