Eré Sísá Ọ̀tọ̀, Ìdúró Ọ̀tọ̀

Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1969, Neil Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbéra láti Florida lọ sí Òṣùpá. Ó lé díẹ̀ ní ọjọ́ 3 kí wọ́n tó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2006, New Horizons, ọkọ̀ tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, gbéra láti Florida kan náà. Wákàtí 9 péré ló lò tó fi ré kọjá ibi tí Òṣùpá ń gbà yí ayé po. Kí ló fà á?

Ẹ lè sọ pé ọkọ̀ kejì ló lágbára jù. Kókó ibẹ̀ kọ́ nìyẹn. Armstrong ní láti dúró, New Horizons kò ní í dúró.

Lójú òfurufú, kò sí atẹ́gùn tó ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́, kò sì sí ilẹ̀ tí táyà lè tẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì á jó epo fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á pa á, ọkọ̀ á sì máa sáré lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dúró gbọ́dọ̀ kọ ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì síwájú, kó tún jó epo. Láti ilé ayé ló sì ti máa gbé epo ìdúró yẹn. Bí eré bá ṣe pọ̀ tó ni epo náà ṣe máa pọ̀ tó, epo sì ń wúwo, àfi kí ẹ tún wá epo mìíràn tí yóò gbé e kúrò nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ dúró níbi tó ń lọ kì í fi í sá gbogbo eré tó lè sá.

New Horizons dé Plúútò ní oṣù Keje ọdún 2015, lẹ́yìn ọdún 9 ààbọ̀. Ó ya àwòrán, ó kọjá. Ó máa ń dùn mí pé kò lè yà síbẹ̀.

Ti Máàsì tún ní ti ẹ̀. Bí ayé ṣe ń yípo oòrùn ni òun náà ń yípo, bí ọdẹ tó ń yìnbọn sẹ́yẹ tó ń fò bá sì fojú sun ibi tí ẹyẹ wà, yóò tàsé; ibi tí Máàsì máa wà ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fojú sun. Perseverance, ọkọ̀ tí wọ́n rán lọ sí Máàsì, gbéra ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2020, ó balẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2021. Ó rin nǹkan bí 470 mílíọ̀nù kìlómítà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lóṣù Kẹwàá 2020, nǹkan bí 62 mílíọ̀nù ló wà láàárín ayé àti Máàsì. Atẹ́gùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà ní Máàsì ló bá a dín púpọ̀ nínú eré rẹ̀ kù.

Voyager 1, ọkọ̀ mìíràn tí kò ní í dúró, tó gbéra ní 1977, ń sá kìlómítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́rọ NASA fi àṣẹ ránṣẹ́ sí i lóṣù Kẹrin 2024 láti tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe, nǹkan bí wákàtí 45 ni wọ́n fi retí èsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ìmọ́lẹ̀ ni àṣẹ àti èsì ń sá. Bí ọkọ̀ yìí bá kọjú sí Proxima Centauri, ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn wa jù, yóò lò tó ọdún 75,000.

Lọ́dún 2016, olówó ńlá Yuri Milner àti onímọ̀ físíìsì Stephen Hawking kéde ètò kan tí wọ́n pè ní Breakthrough Starshot: ọkọ̀ tíńtín tí kò ju gíráàmù díẹ̀ lọ, tí iná lésà yóò máa tì láti ilé ayé, títí yóò fi máa sá ìdá kan nínú ìdá márùn-ún eré ìmọ́lẹ̀. Nǹkan bí ogún ọdún ló yẹ kó fi dé ìràwọ̀ yẹn. Kò ní epo kankan, nítorí náà yóò kàn fò kọjá ni, àwòrán tó bá sì yà yóò lo ọdún mẹ́rin ó lé kó tó tẹ̀ wá lọ́wọ́.